Mo ra sípíkà onígun ayé àtijọ́, báàsì ò jáde, tweeter kan ti dákẹ́: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

OmoOnileHouston:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á.

Houston ni mo ń gbé. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa kú, àwọn ọmọ ẹ̀ wá ń ta ẹrù inú ilé, èmi sì lọ síbẹ̀ torí pé mo fẹ́ ra àkàbà. Àkàbà o, òun nìkan ni mo bá lọ. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ báyìí ni mo rí àpótí pákó méjì ràgàjì, ọ̀kan nínú kọ́nà ọ̀tún, ọ̀kan nínú kọ́nà òsì, wọ́n ga tó àyà mi, mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n. Ọmọ bàbá yẹn ní rárá, sípíkà oníhóònù ni, Klipschorn ni wọ́n ń pè é, 1978 ni bàbá àwọn rà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé e nínú àwọn torí kò sáàyè nílé ẹnikẹ́ni. Mo san $1,500, mo gbàgbé àkàbà síbẹ̀.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, hóònù tí mo mọ̀ ò ju ti orí mọ́sáláṣí àdúgbò wa n'Ìbàdàn lọ, èyí tó máa ń jí wa láàárọ̀ kùtù. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń fi hóònù gbọ́ orin nínú pálọ̀. Ọlọ́run bá mi ṣe é, orí ẹ̀ ṣeé yọ kúrò lára ìdí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà wa ò ní gbà á. Àwa mẹ́ta la gbé e. Ìyàwó mi dúró ní pálọ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló kú?"

Nǹkan tó ń ṣe é rèé. Ìkíní, báàsì ò sí. Mo fi àwo jùjú sí i, sípíkà Bluetooth ọmọ mi tó dà bí agolo mílíìkì sàn jù ú lọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìkejì, tweeter (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín) apá ọ̀tún ò dún rárá, mo gbé etí lé e, wẹ́lo. Ìkẹta ló wá rú mi lójú jù, ohùn olórin ò dúró síbì kan, ó dà bí ẹni tó ń kọrin nílé kejì, mi ò lè nàka sí i pé ibí ló wà. Ara pákó náà ti gbẹ, ó ń funfun lápá ibi tí oòrùn ti ń bà á, awọ pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sì ti ń ṣí létí díẹ̀.

Àwọn tí mo wò lórí YouTube ní kí n yọ gbogbo kápásítọ̀ (ẹ̀yà iná kan) inú ẹ̀ dànù kí n tó ṣe nǹkan míì. Ẹnìkan tó ń tún irú ẹ̀ ṣe ládùúgbò ní crossover (ohun tó ń pín orin fún àwọn sípíkà inú ẹ̀) tuntun látòkè délẹ̀ ni, ó sì pe owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra sípíkà gan-an. Ṣé kí n sanwó ni? Àbí kí n ta á fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n?

---

BabaOniWaya:

Àbúrò, kú oríire o. Má ra nǹkankan. Má fọwọ́ kan kápásítọ̀, má gbé crossover kankan wálé, jẹ́ kí owó ẹ wà lápò ẹ ná. O ò tíì gbọ́ sípíkà yẹn rí, torí o ò tíì so ìdajì ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdajì wo nìyẹn? Ògiri ilé ẹ ni. Lọ wo ẹ̀yìn àpótí ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa, wàá rí i pé wọ́n ò ká a tán. Woofer oníńṣì 15, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì, wà nínú lọ́hùn-ún, o ò lè rí i láti ìta. Ó kọjú sí ihò tóóró kan, afẹ́fẹ́ á gba inú ihò yẹn, á pín sókè, á pín sísàlẹ̀, á padà sẹ́yìn lọ bá kọ́nà, ibẹ̀ ló ti máa wá yà sọ́tùn-ún yà sósì kó tó jáde síwájú láàárín àpótí àti ògiri, bó sì ṣe ń lọ lọ̀nà ń fẹ̀ sí i bí ẹnu kàkàkí. Ibi tó ti fẹ̀ jù yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ pákó ni, ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri. Tí àlàfo bá wà níbi tí ẹ̀yìn àpótí ti kan ògiri, kàkàkí tó ti lu lo ń fun, ibo ni ohùn á ti jáde?

Bàbá tó ṣe é, Paul Klipsch, ará Houston yín yẹn náà ló jẹ́ nígbà kan o. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀, láàárín 1934 sí 1941, kó tó di pé iṣẹ́ ológun gbé e lọ sí Hope ní Arkansas, ibẹ̀ ló sì dá iléeṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ sí ní 1946. Àpótí tó wà nílé ẹ yẹn, wọn ò tíì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró látìgbà yẹn. Ohun tó ń dààmú ẹ̀ ni pé ìró báàsì gùn. Tó o bá ní kí ìró 40 Hz (ìgbọ̀n 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) jáde, gígùn ìgbì ẹ̀ kan ṣoṣo lé ní mítà 8, hóònù tó máa gbé irú ìyẹn dáadáa á gba gbogbo pálọ̀ ẹ pẹ̀lú kíṣíìnì. Ó wá ronú pé kọ́nà yàrá fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ẹnu hóònù tí bíríkìlà ti bá wa mọ sílẹ̀, ẹni tó bá fọgbọ́n ká ìyókù mọ́ inú àpótí ti parí iṣẹ́. Ọgbọ́n yẹn ló ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní, pé wọ́n fi ilé onílé ṣe ara sípíkà.

Ohun tó yẹ kó o ṣe nìyí. Ra fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wé páìpù omi, èyí tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Fi wọ eteetí ẹ̀yìn àpótí lókè dé ìsàlẹ̀, ní gbogbo ibi tó ti máa kan ògiri, kó o wá ti àpótí mọ́ kọ́nà kó le dain. Lálẹ́, pa gbogbo iná, jẹ́ kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn lọ́hùn-ún kí ìwọ dúró lápá kejì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, báàsì náà ń gba ibẹ̀ sá lọ. Ilé Amẹ́ríkà ní wàhálà kan, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn sẹ́sẹ̀ ògiri, kì í jẹ́ kí àpótí sún dé ìdí. Èmi gé tèmi kúrò níbi tí sípíkà jókòó sí. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ti gbàgbé.

Kọ́nà tí ò pé 90 dígírì náà wà, ilé tí wọ́n fi ìkánjú kọ́ pọ̀. Fọ́ọ̀mù tó nípọn díẹ̀ á bá ẹ dí i. Ibi tí kò bá sí kọ́nà rárá, bóyá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ló wà níbẹ̀, ní kí káfíńtà bá ẹ kan kọ́nà àdábọwọ́, pláíwúùdù onípọn méjì kó pàdé lẹ́yìn àpótí bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, kí apá kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kó ga tó àpótí ìsàlẹ̀. Kò rẹwà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé kọ́nà ti ń wọ́n nílé ayé ìsinsìnyí, torí ẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi ní ẹ̀yìn tiẹ̀ tí wọ́n ti pa dé.

---

IyaNiMita:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ ògiri, mi ò ní tún un sọ. Bọ̀dá Houston, wáyà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ronú pé fọ́ọ̀mù á jí tweeter tó kú o.

Ẹ pa áńpù, ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò. Ẹ ṣí àpótí òkè. Ẹ máa rí nǹkan mẹ́ta: hóònù irin gígùn kan (K-400 lorúkọ ẹ̀) tí driver ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti ohùn sínú ẹ̀) wà nídìí, hóònù kékeré tó jẹ́ tweeter (K-77), àti pátákó tí kápásítọ̀ pẹ̀lú wáyà dídì wà lórí ẹ̀, ìyẹn ni crossover. Ti 1978, Type AA ló yẹ kó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó pín orin sọ́nà mẹ́ta, láti 400 Hz wálẹ̀ di ti woofer, láti ibẹ̀ dé 6000 Hz di ti àárín, ìyókù lókè di ti tweeter.

Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkankan, ẹ mú síkúrù dírafà kẹ́ ẹ tún gbogbo síkúrù tí wọ́n fi de wáyà dè. Ẹ tú u, ẹ fọ ẹnu wáyà kó dán, ẹ dè é padà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti dè é, ipata ti jẹ ẹ́. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Mo ti rí i tẹ́nìkan ra tweeter méjì tuntun nítorí síkúrù kan tó tú.

Tó bá ṣì dákẹ́, ẹ yọ wáyà tweeter méjèèjì kẹ́ ẹ gbé ti òsì sọ́tùn-ún kẹ́ ẹ gbé tọ̀tún sósì. Tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá tẹ̀lé tweeter lọ sápá kejì, tweeter ló kú. Tó bá dúró lápá ọ̀tún, crossover ló lọ́ràn. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná náà á sọ fún yín, ẹ gbé e sí ohm (ìwọ̀n ìdènà iná), tweeter tí ò bá kà nǹkankan, wáyà irun inú ẹ̀ ti já nìyẹn. K-77 yìí, iléeṣẹ́ Electro-Voice ló bá wọn ṣe é nígbà yẹn, T-35 lorúkọ tí wọ́n fi tà á lọ́dọ̀ tiwọn, awọ inú ẹ̀ ṣì wà lọ́jà, ẹ ò nílò láti ra odidi. Kẹ́ ẹ wọn ìyókù náà pọ̀. Woofer máa ń kà láàárín 3 sí 4, driver ti àárín á kà bíi 10 tàbí 11. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn da yín láàmú jù, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀tún jọ òsì.

Ohùn tí ẹ sọ pé kò dúró síbì kan yẹn ló mú mi kọ èsì yìí gan-an. Mo fura pé ẹni tó tú u kẹ́yìn ti so wáyà kan sódìkejì. Ẹ wá àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní mono (ohùn kan náà ló ń jáde lọ́tùn-ún lósì), àwo àpàlà àtijọ́ pọ̀ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó láàárín gbùngbùn sípíkà méjèèjì. Olórin gbọ́dọ̀ dúró síwájú yín gan-an bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Tí báàsì bá wà láàárín tí ohùn èèyàn wá fọ́n káàkiri, á jẹ́ pé ti àárín lápá kan ni wọ́n so sódì. Tí ohun gbogbo bá fọ́n tí báàsì náà sì ń sá, á jẹ́ pé wáyà tó ti áńpù wá ni, tàbí woofer. Ti woofer rọrùn láti mọ̀, ẹ fi bátìrì fólítì 1.5 kan ẹnu wáyà ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bó bá ta síwájú, pọ́sítíìfù ẹ̀ ló wà lórí pọ́sítíìfù bátìrì. Ẹ MÁ fi bátìrì kan tweeter láéláé.

Ọ̀rọ̀ kápásítọ̀: àwọn alágolo irin yẹn, epo wà nínú wọn. Ní 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de PCB (kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n máa ń fi sínú irú epo bẹ́ẹ̀), tiyín sì jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe bíi pé ó wà níbẹ̀. Ẹ má dá a lu, ẹ má gé e láti wo inú ẹ̀, èyí tó bá ń jo epo ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí ilé, káńtì yín (ìjọba ìbílẹ̀) á ní ibi tí wọ́n ń gba irú ẹ̀. Mẹ́ta ló wà lórí crossover kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jẹ́ 13 µF (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kápásítọ̀), méjì tó kù jẹ́ 2 µF. Ẹ tú ẹsẹ̀ kan ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ ń wọn gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ni. Tó bá ti yàtọ̀ gan-an tàbí tí ọ̀tún ò bá jọ òsì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, irú iye kan náà, kó jẹ́ èyí tí ò ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù. Ẹ kó ti àtijọ́ tí kò jo sínú ọ̀rá, ẹ kọ "ọ̀tún" "òsì" sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó máa rà á á béèrè.

---

OmoPeckham:

Ẹ má bínú sí mi o ẹ̀yin àgbà, èmi ò gba gbogbo ẹ̀ gbọ́.

Ọ̀gá mi kan ní London níbí ní Vitavox CN191, ìyẹn èyí tí àwọn òyìnbó ibí gbàyè lọ́wọ́ Klipsch láti ṣe, woofer kan àti hóònù kan péré, kò ní tweeter lọ́tọ̀. Ó tóbi, ó lẹ́wà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wólẹ̀ fún un. Mo jókòó síwájú ẹ̀ fún wákàtí méjì, ohun tí mo gbọ́ ni ẹni tó káwọ́ mẹ́nu tó ń pariwo sí mi. Mo tún gbọ́ ti Klipschorn lẹ́ẹ̀kan, ó gbóná lẹ́tí mi náà. Hóònù irin K-400 yẹn, ẹ fi ìka kàn án kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí agogo ilé ìwé, ẹ sì fẹ́ kí orin gba inú ẹ̀ kọjá.

Ẹ tún fojú sí èyí. Bọ̀dá Houston á pààrọ̀ kápásítọ̀, á jókòó, á ní "áà, ó ti mọ́ kedere!" Ṣé etí ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ àbí owó tó ná? Ẹ jẹ́ kó ra máìkì ìwọ̀n tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, kó gba REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ohùn, ọ̀fẹ́ ni, kó wọn sípíkà yẹn lónìí bó ṣe wà, kó wá wọ̀n ọ́n padà lẹ́yìn nǹkan kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe. Ẹni tí ò bá wọn nǹkan, ìtàn ló ń sọ. Klipsch yín yẹn fúnra ẹ̀ ní bájì aláwọ̀ ìyeyè kan tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ kọ́là kóòtù, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìsọkúsọ nípa sípíkà á kàn ṣí kọ́là kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbí.

---

BabaOniWaya:

Peckham, o ṣeun, mo mọ bájì yẹn, ìwọ náà ló yẹ kí n ṣí i fún.

Lórí ìwọ̀n, mo fara mọ́ ẹ. Lórí ariwo, áńpù tí ọ̀gá ẹ fi ń gbé e ńkọ́? Sípíkà yìí, tó o bá fún un ní wáàtì kan ṣoṣo, lókèèrè mítà kan, bíi 104 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) ló máa fún ẹ. Wáàtì kan! Èèyàn á gbé áńpù wáàtì 200 lé e, á yí i dé ibi tó mọ́ ọn lára láti máa yí ti tẹ́lẹ̀ dé, á wá ní hóònù ń pariwo. Wáàtì 5, wáàtì 10 tó mọ́ ti tó o. Gbogbo "ṣííí" àti "húúú" tí sípíkà míì ń bo mọ́lẹ̀ fún áńpù, eléyìí á tú u síta fáyé gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo áńpù yín.

Agogo tó o sọ yẹn, òótọ́ ni. Mo ti fi àmọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé wé ẹ̀yìn K-400 tèmi. Bí mo bá fi ìka kàn án báyìí, "kú" ló ń dún, kì í ṣe "gbáńńń" mọ́. Nínú orin ńkọ́? Kí n má purọ́, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kan tí mo lè fi búra.

---

OmoOnileHouston:

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí.

Mo gbọ́rọ̀ sí Peckham lẹ́nu, mo ra máìkì, mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bó ṣe wà. Ìlà báàsì wó lulẹ̀ láti ibi 100 Hz bí òkè tó já sí àfonífojì.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe fọ́ọ̀mù. Apá òsì rọrùn. Apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń yọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àlàfo tó gba àtàǹpàkò mi! Mo gé pátákó ẹsẹ̀ ògiri bẹ́ẹ̀gbọ́n ṣe wí (mo dúró kí ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ná). Mo tún ṣí pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ àpótí, èyí tí wọ́n fi síkúrù yíká, láti wo woofer. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi: fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó dí etí pánẹ́ẹ̀lì yẹn ti gbó, ó ti di ìyẹ̀fun, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló dà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn woofer ti ń jò gba ibẹ̀ láti ọdún wo, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo lẹ tuntun, mo dè é padà. Woofer fúnra ẹ̀ ò ní nǹkankan, aṣọ ni wọ́n fi ṣe etí ẹ̀, kì í ṣe fọ́ọ̀mù, kò ya rárá.

Mo jókòó, mo fi àwo jùjú kan náà sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Gìtá báàsì wọ pálọ̀ bí ẹni tó ní ilé. Kì í ṣe pé ó ń gbọn ilé o, kò gbọn nǹkankan, ó kàn wà níbẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọmọ mi jáde láti yàrá, ó ní dádì, ẹ ti ra nǹkan tuntun ni? Fọ́ọ̀mù páìpù $11.

Tweeter: ìyáàfin, ẹ jàre. Mo fọ ẹnu wáyà, kò dún. Mo gbé e sápá kejì, kò dún, mítà ò kà nǹkankan. Ó ti kú. Mo ra awọ inú ẹ̀, mo fi síkúrù mẹ́rin dè é. Ó ti ń dún bíi tẹ́gbẹ́ ẹ̀.

Ohùn tó fọ́n wá ńkọ́? Mo gbé àwo àpàlà kan tí bàbá mi fi sílẹ̀, mono ni. Báàsì wà láàárín, olórin wà nílé gbogbo ará àdúgbò. Mo ṣí apá òsì, mo fi fóònù ya àwòrán méjèèjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wáyà driver ti àárín lápá òsì, pupa wà níbi dúdú, dúdú wà níbi pupa. Ẹnìkan ló ti tú u nígbà kan tó so ó sódì, bàbá yẹn fi gbọ́ orin bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ ikú ẹ̀, ó ṣe mí láàánú. Mo yí i padà.

Ẹ wá gbọ́. Ìyá ìlù! Mo ti ń gbọ́ àwo yẹn láti kékeré, mo mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tó ń wí rí, mo rò pé ó kàn ń dárà ni. Lọ́jọ́ yẹn mo gbọ́ oríkì ìdílé ẹni tí wọ́n ń kì, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ibi tí onílù ti fún awọ tó sì tún dẹ̀ ẹ́. Mo pe màmá mi nílé lórí fóònù, mo gbé fóònù síwájú sípíkà, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í parí ohun tí ìlù ń sọ kí ìlù tó sọ ọ́ tán.

Mi ò tíì fọwọ́ kan kápásítọ̀.

---

IyaNiMita:

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni! Ti ìyá ìlù yẹn mú mi ronú o. Ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ibi tí woofer àti ti àárín ti ń gbé iṣẹ́ léra wọn lọ́wọ́ ló ń kọjá, tí ọ̀kan bá ń tì tí èkejì ń fà, ìró á máa pa ara wọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlù á di ìkùnsínú. Mi ò tíì rẹ́ni tó fi ìyẹn dán crossover wò rí. Àwọn òyìnbó máa ń fi dùrù àti ohùn obìnrin dán an wò, tàwa náà ti wà.

Kápásítọ̀, ẹ wọ̀n wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ráyè. Kò sáré kankan.

---

OmoPeckham:

Ó dáa, mo gbà fún fọ́ọ̀mù. Ìlà ìwọ̀n tuntun dà? Ẹ̀yin sọ pé ẹ wọn ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ìyá ìlù kọ́ là ń fi ya gíráàfù o.

---

BabaOniWaya:

😂 Peckham ò ní kú ire.

Àbúrò, kí n tó gbàgbé. O sọ pé ara pákó ti gbẹ, mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kó o fi òróró linseed pa á, ó dáa, awọ wọ́náọ̀tì fẹ́ràn ẹ̀. Kọ́kọ́ lẹ ibi tó ṣí yẹn, fi gúlúù igi sí i lábẹ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Pa òróró fẹ́ẹ́rẹ́, nù ún kúrò. Àkísà tó o fi nù ún, MÁ ká a jọ sínú garawa, má sọ ọ́ sí gàráàjì. Linseed tó ń gbẹ máa ń mú ooru jáde, tí àkísà bá wà lókìtì ó lè gbiná fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ tàbí rì í sínú omi. Mo mọ ẹni tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ jó torí èyí.

---

OmoOnileHouston:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo ti ká àkísà mẹ́ta sínú garawa látàná, mo ń sáré lọ síbẹ̀ báyìí.

Mo ti dé. Wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti wà nínú omi.

Peckham, màá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Sátidé, ojú ibi tí mo gbé máìkì sí nígbà àkọ́kọ́ ni màá tún gbé e sí, mo ti fi téèpù sàmì sí ilẹ̀. Màá fi gíráàfù méjèèjì ránṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n bá òun bi yín pé ṣé ó léwu téèyàn bá gbé òdòdó lé orí àpótí òkè yẹn, torí òun ti gbé e lé e.